Ọkọ̀ Wo Ló Yẹ Olè Ojú Òfurufú? Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún fún Ẹni Tó Ń Ya Kọ́míìkì

Bí ẹ bá fẹ́ ya kọ́míìkì nípa àwọn ajalèlókun tí wọ́n ti fi omi sílẹ̀, tí wọ́n ń dá ọkọ̀ lọ́nà láàárín ìràwọ̀, ọkọ̀ wọn ni ẹ ó yà ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ọ̀gá wọn lè kú ní orí kẹta. Ọ̀tá lè di ọ̀rẹ́. Ọkọ̀ yẹn á ṣì wà níbẹ̀ títí ìtàn á fi parí, òun sì ni òǹkàwé á fi dá ìwé yín mọ̀ lórí àtẹ. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán á ya ọkọ̀ kan tó dùn-ún wò gidi síwájú ìwé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ojú ewé kẹwàá, ọkọ̀ náà á ti sú wọn, wọ́n á wá máa fi èéfín àti òkùnkùn bò ó mọ́lẹ̀.

Oríṣi márùn-ún tí àwọn ènìyàn sábà máa ń yàn nínú wọn ni mo kó wá síbí: ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n jí tí wọ́n sì tún ṣe, ọkọ̀ kékeré asáré, ọkọ̀ ogun, àpáta tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, àti ọkọ̀ onígbòkun. Mi ò ní lo àkókò kan náà lórí gbogbo wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú wọn kò pọ̀ bákan náà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ta ló ni ọkọ̀ náà kí wọ́n tó jí i? Àwọn ajalèlókun ayé àtijọ́ kì í sábà kan ọkọ̀ fúnra wọn. Wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Queen Anne's Revenge tí Blackbeard fi kó jìnnìjìnnì bá etíkun Amẹ́ríkà, La Concorde ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ẹrú àwọn ará Faransé ni, nítòsí erékùṣù Martinique ní Caribbean ló ti gbà á ní oṣù kọkànlá ọdún 1717. Ní ọdún yẹn kan náà ni Sam Bellamy gba Whydah Gally. Ìlú Ouidah ní Benin ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ yẹn lórúkọ, nítorí pé òwò ẹrú etíkun wa níbí ni wọ́n torí rẹ̀ kàn án. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Bellamy gbà á tí ó fi rì sí Cape Cod ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n rí ibi tó rì sí lọ́dún 1984, tí wọ́n wá gbé agogo rẹ̀ jáde, orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún 1716 ṣì hàn gbangba lára agogo ọ̀hún. Àwọn olè ti gba ọkọ̀, wọ́n ti kó àgbá, ìyẹn ìbọn ńlá, kún àgbá sínú rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò pa orúkọ tí olówó rẹ̀ fún un rẹ́. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wá lára ọkọ̀ olè kó tó wù mí. Bí n kò bá rí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lára rẹ̀, ọkọ̀ lásán ni mò ń wò.

Èkejì ni àkókò, òun sì ni owó tí ayàwòrán ń ná jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìwé kan ní ojú ewé 24, tí ọkọ̀ náà sì fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 48 nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti yà á jẹ wákàtí 24 lápapọ̀. Èyí tó ń gba wákàtí méjì á jẹ wákàtí 96. Wákàtí 72 ni ìyàtọ̀ wọn nínú ìwé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì ya ènìyàn kankan.

Ẹ̀kẹta, ṣé a lè dá a mọ̀ bó bá kéré? Ẹ yà á kó má ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kí ẹ kùn ún ní dúdú pátápátá, kí ẹ fi han ẹni tí kò rí i rí, kí ẹ bi í léèrè pé níbo ni iwájú rẹ̀ wà. Bí ẹni náà bá ń ṣiyèméjì, inú ìjà ni ìyà á ti jẹ òǹkàwé yín, nítorí kò ní mọ ẹni tó ń lé ẹni. Ẹ tún rántí pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti ń kàwé báyìí. Fóònù ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó nà gbọọrọ láti òsì dé ọ̀tún á di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ojú fóònù, èyí tó dúró lóòró á sì kún ibẹ̀ dáadáa.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ òòró yìí ni pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ti ọkọ̀ lọ síwájú, ìdí ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì wà ni yóò máa fa ẹsẹ̀ àwọn èrò inú rẹ̀. Ìdí ni ilẹ̀, imú ni òkè. Nítorí náà, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló yẹ kí inú ọkọ̀ òfurufú rí, kí ènìyàn máa gun àkàbà láti yàrá dé yàrá. Ìwọ̀nba ayàwòrán ló ń lo èyí, bẹ́ẹ̀ àwòrán inú ilé tó máa ń tibẹ̀ jáde yàtọ̀ gan-an.

Mo tún máa ń wo bóyá ọkọ̀ náà bá òfurufú mu. Gbalasa òfurufú kò ní afẹ́fẹ́, nítorí náà ọkọ̀ tí kò ní balẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ wà kò nílò ìyẹ́, kò sì sídìí tí imú rẹ̀ á fi rí ṣóńṣó. Ohun tó nílò tí a kì í rántí yà ni rádíétọ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé ooru lọ. Ooru ní láti tàn jáde fúnra rẹ̀ láti ara pátákó fẹ̀ǹfẹ̀. Ẹ wo àwòrán International Space Station, ibùdó tí àwọn ènìyàn ń gbé lójú òfurufú, dáadáa. Yàtọ̀ sí àwọn pátákó tó ń gba ìtànṣán oòrùn, ẹ ó rí àwọn pátákó funfun kan tí wọ́n ká wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti lé ooru jáde. Ooru yìí náà ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ lè fara pamọ́, torí gbalasa òfurufú tutù dé nǹkan bí 270 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, ọkọ̀ tí ènìyàn ń mí nínú rẹ̀ sì gbóná gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wo ooru á rí i láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó bá a pàdé lọ́nà.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tún ṣe

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ẹ fojú inú wo ọ̀pá irin gígùn kan, ẹ́ńjìnnì ní ìdí, ilé àwọn awakọ̀ lókè téńté, àwọn kọ̀ńténà sì so mọ́ ọ̀pá náà yíká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Rúlà ni ẹ ó fi ya ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá lè ya àpótí láti igun mẹ́ta lè ya ọkọ̀ yìí.

Ibi tó ti dùn jù ni pé yàrá ni kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan, yàrá kọ̀ọ̀kan sì lè di ìtàn kan. Àwọn olè náà á kó ẹrù inú ọ̀kan dànù, wọ́n á sọ ọ́ di ilé ìdáná. Wọ́n á sọ òmíràn di àtìmọ́lé. Wọ́n á gbin ẹ̀fọ́ sínú òmíràn lábẹ́ iná, nítorí ìgbà tí wọ́n lè rí ọjà lọ kò dájú. Àgbá á wà nínú ọ̀kan tí kò yàtọ̀ sí àwọn tó kù lójú títí ìlẹ̀kùn rẹ̀ á fi ṣí. Bí ìtàn bá sì ń lọ, ẹ lè já kọ̀ńténà kan sọnù nínú ìjà, kí ààyè rẹ̀ ṣófo láti orí yẹn lọ. Òǹkàwé á máa rí ààyè yẹn, á máa rántí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ sún mọ́ ọn wò. Níbi tí wọ́n ti gé ẹnu ọ̀nà tuntun sí ara kọ̀ńténà, etí rẹ̀ kò gún. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ wú gúlúgúlú, ó dúdú díẹ̀ lápá kan níbi tí iná ti pọ̀ jù, nítorí ẹni tó jó o kì í ṣe jórinjórin, ó kàn ń kánjú ni. Lókè ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà fẹ́lẹ́, lẹ́tà funfun ńláńlá ṣì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ya èyí lẹ́ẹ̀kan péré ní ojú ewé kejì, kò sídìí láti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ pé wọ́n jí ọkọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ ooru tí mo sọ lókè náà gbe ọkọ̀ akẹ́rù. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ọkọ̀ tó lè sá pamọ́, èyí tó jọ ọgọ́rùn-ún mìíràn ló lè lúgọ. Gbogbo ayé ń rí i, wọ́n sì rò pé iṣẹ́ ajé ló ń lọ. Ìtàn òkun jẹ́rìí sí bí ìrísí ṣe lágbára tó. Ní oṣù kejì ọdún 1722, nítòsí Cape Lopez ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gabon lónìí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ HMS Swallow ṣẹ́rí kúrò lọ́nà nítorí ibi tí omi kò ti jìn. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajalèlókun Bartholomew Roberts rò pé ọkọ̀ oníṣòwò ló ń sá fún àwọn, ni wọ́n bá fi ọkọ̀ kan lé e. Swallow fà wọ́n lọ títí wọ́n fi dé ibi tí Roberts kò ti lè gbọ́ ìró ìbọn, ó wá ṣíná bo wọ́n. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ló padà wá bá Roberts, wọ́n sì pa á. Roberts yìí ni ó ti kó ọkọ̀ mọ́kànlá ní èbúté Ouidah ní oṣù tó ṣáájú. Bí ẹ bá yí ìtàn yìí padà, tí ẹ fi olè sí ipò Swallow, ẹ ti ní odindi orí kan lọ́wọ́.

Àbùkù rẹ̀? Kò lè sáré. Ìṣirò nípa epo àti eré ọkọ̀ òfurufú tí Konstantin Tsiolkovsky, onímọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1903 kò gba ẹnikẹ́ni láyè níbẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan ní láti wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta pẹ̀lú epo kó tó lè dé ìwọ̀n eré kan. Kó tó lè dé ìlọ́po méjì eré yẹn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan náà, ó gbọ́dọ̀ wúwo ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ tó kún fún kọ̀ńténà kò lè ru irú epo bẹ́ẹ̀. Àwọn olè inú rẹ̀ á máa lúgọ deni ni, wọn kò ní máa lé ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé rẹ̀ jẹ́ kìkì eré sísá, kí ó fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀.

Ewu kejì ni pé ó rọrùn láti gbàgbé ibi tí kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan wà. Ilé ìdáná á wà lápá òsì ní ojú ewé 5, á ti bọ́ sápá ọ̀tún ní ojú ewé 12, àwọn òǹkàwé kan á sì rí i. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kí nọ́ńbà náà hàn nínú àwòrán. Ó jọ ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù gidi ń ṣe, ó sì ń bá yín ṣọ́ iṣẹ́ yín.

Ọkọ̀ kékeré asáré

Lórí omi, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní sloop ni ọ̀pọ̀ ajalèlókun Caribbean fẹ́ràn. Òpó kan ṣoṣo ló ní, kò jìn nínú omi, ó sì lè gba ibi tí ọkọ̀ ogun ńlá kò lè gbà. Stede Bonnet, olówó oko kan ní Barbados, tilẹ̀ fi owó ara rẹ̀ ra tirẹ̀ lọ́dún 1717 kó tó bẹ̀rẹ̀ olè jíjà, ohun tó ṣàjèjì gbáà láàárín àwọn olè. Ẹ wo bí ìtàn á ṣe rí bí ọ̀gá olè yín bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tóní, tí kò sí àpá kankan lára rẹ̀, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń wò ó tìyanutìyanu.

Ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọkọ̀ yìí ń gbà. Ọkọ̀ kò tóbi, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ á máa ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan tàbí méjì. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ dá lórí ìwà ènìyàn, lórí àwọn tí kò fẹ́ràn ara wọn tí kò sì sí ibi tí wọ́n lè sá lọ, ó ti rí ọkọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo ọkọ̀ márààrún, òun ni kì í yí padà lọ́wọ́ ayàwòrán. Ìlà rẹ̀ kéré, ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n kí oṣù kan tó pé.

Ìṣòro kan wà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ti ya ọkọ̀ asáré, ọwọ́ wọn á lọ ya ìyẹ́ sí i. Ojú ń fẹ́ ìyẹ́, mo gbà, ó máa ń fi ibi tí ọkọ̀ dojú kọ hàn. Ẹ fi rádíétọ̀ sí ibi tí ìyẹ́ ìbá wà. Ojú á rí ohun tó ń wá, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì á sì dúró. Ẹ ya àwọn pátákó náà ní dúdú nígbà tí ọkọ̀ bá sinmi, kí wọ́n pọ́n nígbà tó bá ń sáré. Bí ìwé yín bá jẹ́ dúdú àti funfun, ẹ fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí wọn ká. Nínú ìjà, ọ̀tá á máa yìnbọn sí rádíétọ̀ náà, nítorí ọkọ̀ tí kò lè lé ooru jáde ní láti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ìyẹn ni ewu tí òǹkàwé lè fojú rí láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣàlàyé.

Ohun tí kò lè ṣe ni kó kó ìkógun tó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ohun tí wọ́n ń jí kéré: òògùn, ìwé àṣírí, ènìyàn kan.

Ọkọ̀ ogun

Ó máa ń wu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì máa ń tètè dá wọn lágara. Àgbá pọ̀ lára rẹ̀, fèrèsé pọ̀, ìlẹ̀kùn pọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ni ẹ ó máa yà nígbà gbogbo. Wákàtí 96 tí mo ṣírò lókè, irú ọkọ̀ yìí ni mo ní lọ́kàn. Ìtàn tirẹ̀ náà ń náni lówó, torí òǹkàwé tó gbọ́n á bèèrè ibi tí wọ́n ti ń rí ọta, ta ló ń bá wọn tún ẹ́ńjìnnì ìjọba ṣe, àti ìdí tí gbogbo ọmọ ogun kò fi máa wá a kiri. Ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ti ń gún régé: kí ó jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ fúnra wọn ló dìtẹ̀ gbà á. Henry Every ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1694. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe nínú ọkọ̀ Charles II tó kún fún àgbá, owó oṣù kò dé, wọ́n dìtẹ̀ ní èbúté Coruña ní Spéènì, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Fancy. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé lára ilé orí ọkọ̀ náà dànù kí ó lè máa sáré. Ohun tí ẹ ó jí lò nìyẹn. Ẹ ya ọkọ̀ ogun tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò lára rẹ̀, tí àpá rẹ̀ hàn, tí àgbá rẹ̀ kò sì pé mọ́. Á yá láti yà, ìtàn rẹ̀ á sì hàn lára rẹ̀.

Àpáta tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀

Àwọn kan á sọ pé àpáta ló rọrùn jù, pé òkúta lásán ni, a kò nílò rúlà. Òtítọ́ ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti ya òkúta. Ṣùgbọ́n òkúta kan jọ òkúta mìíràn, ìyẹn ni pé kò lè yege ìdánwò dúdú sẹ̀ǹtímítà méjì àfi bí ẹ bá fún un ní àmì: ihò ńlá kan, òpó kan tó yọ jáde, apá kan tí wọ́n gé tẹ́júpẹ́rẹ́.

Ohun tó mú kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí wọ́n ti rí gan-an lórí àwọn àpáta òfurufú láìpẹ́ yìí. Bennu, ọ̀kan nínú wọn, fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 490. Nígbà tí ọkọ̀ OSIRIS-REx ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà na ọwọ́ kàn án lọ́dún 2020 láti bu lára rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò le rárá. Ọwọ́ náà rì wọlé, torí pé òkìtì òkúta tó kàn rọra kó ara wọn jọ ni Bennu jẹ́. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n bù dé ayé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Itokawa tí ọkọ̀ Hayabusa ti ilẹ̀ Japan bẹ̀ wò lọ́dún 2005 náà, òkìtì òkúta ni. Báwo ni àwọn olè á ṣe wá gbẹ́ ihò sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Á wó lé wọn lórí.

Ọ̀rọ̀ òòfà, ìyẹn agbára tó ń fà wá mọ́lẹ̀, tún wà níbẹ̀. Àpáta kékeré kò ní òòfà tó lè mú ènìyàn dúró lórí ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ máa rìn nínú rẹ̀ bí a ṣe ń rìn láyé, wọ́n ní láti máa yí i po. Àpáta tó tóbi tó Bennu á ní láti yí po tó bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni Bennu fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yí òkìtì òkúta po bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á fọ́n ká.

Ìṣòro yìí gan-an ló jẹ́ kí ọkọ̀ àpáta lè di èyí tó yàtọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan sínú rẹ̀, tó ń yí po nígbà tí òkúta ìta dúró jẹ́ẹ́. Bí àyè láti àárín dé etí kẹ̀kẹ́ náà bá jẹ́ mítà 224, yíyí po lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan á fún wọn ní òòfà bí ti ayé. Ẹ fi àwọ̀n irin di òkúta ìta mú kí ó má bàa wó. Ẹ ti ní àmì tó ń fi í hàn láàárín ẹgbẹ̀rún òkúta báyìí, ìyẹn àwọ̀n náà: okùn irin tó gba ojú òkúta kọjá níhìn-ín lọ́hùn-ún, ibì kan tó ti já tí wọ́n fi nǹkan mìíràn so. Nígbà tí ìjà bá sì dé, ẹni tó bá gé àwọ̀n náà ti tú gbogbo ilé náà ká.

Kò lè lé ẹnikẹ́ni o. Ilé ni, kì í ṣe ọkọ̀ ìjà. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ní láti ní ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń gbé jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan méjì ni ẹ ó máa yà. Fún ìtàn tó fẹ́ sọ nípa ìlú àwọn olè, bí wọ́n ṣe ń yan ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ń pín ìkógun, ta ló ń tọ́jú ọmọ nígbà tí àwọn yòókù bá lọ sóko olè, kò sí èyí tó dára tó o.

Ọkọ̀ onígbòkun

Kò sẹ́ni tó rí ìgbòkun dúdú tí kò ní mọ̀ pé olè ló ń bọ̀, ìyẹn sì ni agbára rẹ̀. Ìgbòkun òfurufú wà ní tòótọ́. Ilẹ̀ Japan rán IKAROS lọ lọ́dún 2010, ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ mítà 14 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìtànṣán oòrùn ló ń tì í, ó sì kọjá nítòsí Àgùàlà. Ṣùgbọ́n bí ìgbòkun bá fẹ̀ tó kìlómítà kan ní òòró àti ní ìbú, agbára tí oòrùn á fi tì í ní ibi tí ayé wa wà kò tó ìwúwo ẹrù kìlò kan. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n á fi lé ọkọ̀ kan bá.

Mi ò fẹ́ràn ọkọ̀ onígi tó ń fò láàárín ìràwọ̀ nínú ìtàn tó pe ara rẹ̀ ní ti sáyẹ́ǹsì. Bí ìwé yín bá jẹ́ ti ọmọdé, tàbí tí idán wà nínú ayé rẹ̀, ẹ yà á tayọ̀tayọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tóbi.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi yà á

Ọkọ̀ yòówù kí ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ yà á sórí bébà kan láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè àti láti igun kan, kí ẹ ya ènìyàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ má bàa máa yí padà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú yín. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè lo Blender láti mọ ọn ní 3D, ọ̀fẹ́ ni. Krita tí wọ́n fi ń yàwòrán náà, ọ̀fẹ́ ni. Clip Studio Paint, owó ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹ gbé àwòrán 3D wọ inú ojú ewé kí ẹ tẹ̀ lé e. Níbi tí iná kò ti dúró, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, páálí àti gọ́ọ̀mù tó. Ẹ gé páálí, ẹ fi mọ ọkọ̀ náà, ẹ gbé e sójú fèrèsé, kí ẹ máa yí i bí ẹ ṣe fẹ́. Òjìji tó bọ́ sára rẹ̀, òjìji gidi ni, èyí sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí là.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹni tó ń ṣe ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, tó dá nìkan ń ṣiṣẹ́, tó sì fẹ́ kó jáde lọ́dún yìí, kí ó mú ọkọ̀ kékeré. Kí ó fi rádíétọ̀ dúdú méjì sí i, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ dá lórí ọ̀tẹ̀, tí àwọn olè rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogun tí ìjọba kò sanwó fún, ọkọ̀ ogun ni tirẹ̀, àmọ́ kí ó rí i pé òun ní 3D tàbí ẹni tí yóò máa bá òun yà á. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí ó gé ọkọ̀ náà kù bí Every ṣe gé Fancy.

Ẹgbẹ́ ayàwòrán méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ ìtàn gígùn, tí obìnrin, ọmọdé àti arúgbó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n mú àpáta, kí ẹnìkan máa ya kẹ̀kẹ́ inú, kí ẹlòmíràn máa ya ọkọ̀ kékeré tó ń jáde níbẹ̀. Ẹni tó ń yà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní jìyà bó bá mú ìgbòkun.

Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ìtàn rẹ̀ ń lọ rárá, ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ní kó mú. Kí ó ya kọ̀ńténà mẹ́jọ, kí ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kí ó sì pinnu ohun tó wà nínú mẹ́rin péré. Mẹ́rin tó kù, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní títì títí ìtàn náà fúnra rẹ̀ á fi bèèrè pé kí wọ́n ṣí wọn.